Ìdáhùn sí lẹ́tà: Táyé dákẹ́ jù

Ìyá Ìbejì ní Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́tà yín dé ọwọ́ wa. Oṣù 13 ni àwọn ọmọ. Kẹ́hìndé, obìnrin, ti ń sáré káàkiri. Táyé, ọkùnrin, ṣì ń rákò, kì í sì í fọhùn. Ìyá ọkọ yín ní ìran yín ló ti jogún ọ̀lẹ. Ẹ wá sọ ọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kan pé ibà pọ́njú, èyí tó ń mú ojú àti ara ọmọ pọ́n bí ìyeyè, ṣe Táyé ní ọjọ́ kẹta tí ẹ bí i, pé àgbo lẹ fi wẹ̀ ẹ́.

Ti ìrìn kò le. Ìbejì tó jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, ẹyin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Àbùdá tí wọ́n jọ ní kò ju ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lọ, bí ìdajì. Ọmọ tára ẹ̀ le lè dá rìn láti bí oṣù 8 títí dé oṣù 17 àti ààbọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n WHO, àjọ ìlera àgbáyé. Bí wọ́n bá sì wáyé kí oṣù tó pé, ẹ yọ iye tó kù kúrò nínú ọjọ́ orí wọn. Kẹ́hìndé ló rán Táyé wá tọ́ ayé wò, kò ní kó tètè rìn.

Ìdákẹ́ yẹn ló ń kọ wá lóminú. Lóòótọ́, àwọn ọmọ kan wà tí ìdákẹ́ jẹ́ àbímọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n á yíjú bí a bá pè wọ́n. Ibà pọ́njú tó bá le jù lè ba iṣan etí jẹ́, àgbo kò sì lè dá a dúró.

Àjogúnbá tó yẹ ká wò ni G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin nílẹ̀ wa ni tiwọn kò tó. Ara ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀, ìyá sì lè má mọ̀ rárá; ẹnikẹ́ni kò jẹ̀bi. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn káńfọ̀ inú àpótí aṣọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́, ojú rẹ̀ á pọ́n bí ìyeyè. Ẹ kó káńfọ̀ dànù, ẹ fọ aṣọ wọn, ẹ sá a sóòrùn.

Nígbà tí Kẹ́hìndé bá sùn, kí ẹnì kan máa bá Táyé ṣeré níwájú. Ẹ̀yin ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, níwọ̀n ìnàpá kan, níbi tí kò ti lè rí òjìji yín. Ẹ pè é jẹ́jẹ́, kí ẹ tún mi ṣaworo, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹ má pàtẹ́wọ́, atẹ́gùn rẹ̀ lè kàn án lọ́rùn. Ẹ má fẹsẹ̀ kilẹ̀, ara rẹ̀ á mọ̀ ọ́n.

Ó yíjú o, kò yíjú o, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù LAUTECH tàbí ti Bowen, lọ́dọ̀ àwọn dókítà etí, kí ẹ sì dárúkọ ibà pọ́njú náà. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń lẹ wáyà mọ́ orí ọmọ nígbà tó bá sùn ni kí ẹ béèrè. Èyí tí wọ́n kàn ń ki nǹkan kékeré bọ etí nìkan kò tó, torí etí lè dá ṣáká kí iṣan rẹ̀ má ṣiṣẹ́. Kí wọ́n yẹ G6PD rẹ̀ wò pẹ̀lú. Bí ara rẹ̀ bá ń le gbagidi, tàbí tí kò lè gbé ẹyinjú sókè, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la.

Bí ẹ bá tún bímọ, tí ojú rẹ̀ pọ́n kí wákàtí 24 tó pé, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.