Dókítà fẹ́ gé awọ itan mi lẹ̀ mọ́ ojú mi, ṣé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀?

Ìbéèrè: Salam alaykum Alfa. Àfín ni mí. Egbò kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tó ti lé lọ́dún kan tí ò jiná, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Dókítà ní àwọn máa gé e kúrò, àwọn á wá gé awọ fẹ́lẹ́ lára itan mi fi bo ojú ibẹ̀. Ẹnì kan ní mọ́sálásí wa ní mo fẹ́ yí ìṣẹ̀dá Ọlọ́hun padà. Àlùwàlá mi wá ńkọ́?

Ìdáhùn: Wa alaykum salam, àbúrò mi, Ọlọ́hun á fún ẹ ní àlàáfíà. Jọ̀ọ́, lọ ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn, má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni dá ẹ dúró, jẹjẹrẹ kì í dúró de èèyàn.

Òótọ́ ni pé àáyà 119 nínú Súrà Nísà sọ pé ṣàítánì ló ń pàṣẹ pé kí wọ́n yí ìṣẹ̀dá Ọlọ́hun padà, ṣùgbọ́n nínú hàdíìsì Ibn Masud, àwọn tí Ànábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) ṣẹ́bi lé ni àwọn tó ń fínra, tó ń la àlàfo sáàárín eyín nítorí ẹwà. Jíjẹ́ tó o jẹ́ àfín ni ìṣẹ̀dá Ọlọ́hun, ìyẹn ò sì lọ ibì kankan. Egbò yẹn, oòrùn ló fà á, torí awọ ara ẹ ò ní aró dúdú tó ń bá àwa yòókù gba oòrùn dúró. Àwọn tó ń bóra ló yẹ kí wọ́n ka àáyà yẹn sí létí.

Arfaja tó jẹ́ sàábé, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn tó bá Ànábì gbé ayé, imú ẹ̀ gé lógun, ó fi fàdákà ṣe òmíì, ó ń rùn, Ànábì ní kó fi wúrà ṣe é. Wúrà tó jẹ́ èèwọ̀ fún ọkùnrin o! Ká má wá sọ awọ itan ẹ tó jẹ́ ara ìwọ fúnra ẹ. Lọ́dún 1988 àwọn onímọ̀ fíkí, ìyẹn òfin ẹ̀sìn, láti orílẹ̀-èdè mùsùlùmí jókòó ní Jeddah, wọ́n gbà pé èèyàn lè mú ẹ̀yà ara ẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíì lára ẹ̀ tí àǹfààní ẹ̀ bá ju ìpalára lọ.

Tí bándéèjì bá wà lójú, fọ ibi tó kù, kó o fi ọwọ́ tútù pa orí bándéèjì, tí dókítà bá ní kí omi má débẹ̀ rárá, tayamọ́mù ni, ìyẹn fífi erùpẹ̀ mímọ́ rọ́pò omi. Tí ìforíkanlẹ̀ bá máa ni ọ́ lára, dúró kírun bó o ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, tó bá wá kan ìforíkanlẹ̀, jókòó, kó o tẹ orí ba díẹ̀. Tí awọ náà bá ti mú, ojú ẹ ni, fọ gbogbo ẹ̀.

Kó o bá mi sọ fáwọn ará mọ́sálásí yín, lọ́jọ́ Jímọ̀ tí èrò bá kún dé ìta, kí wọ́n fún ẹ láyè nínú ilé, kí ẹnikẹ́ni má ní kó o lọ tẹ́ ẹní sínú oòrùn.