Kòtò ìpìlẹ̀ nígbà òjò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn lébìrà mi ń gbẹ́ kòtò ìpìlẹ̀ ní Ìkòròdú. Ó ti jìn tó mítà 2, òjò sì ń rọ̀. Fọ́máànù ní ilẹ̀ ibẹ̀ le, kò séwu. Ṣé kí wọ́n máa bá a lọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ pè wọ́n jáde ná. (Ṣé fọ́máànù fúnra rẹ̀ ń wọ kòtò ọ̀hún?) Omi òjò máa ń mú ilẹ̀ wúwo, á sì tú u. Iyẹ̀pẹ̀ tútù tó gùn, tó fẹ̀, tó sì ga ní mítà 1 wúwo ju tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ. Bó bá bo èèyàn dé àyà, kò ní lè mí, kódà bí orí rẹ̀ wà níta.

Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ létí kòtò ló burú jù. Ẹ kó o sẹ́yìn, ó kéré tán mítà 1. Kí tipà má sún mọ́ ibẹ̀ rárá. Bí àyè bá wà, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ kòtò ní dàgẹ̀rẹ̀: ní ilẹ̀ oníyanrìn, mítà 1 ààbọ̀ sẹ́yìn fún mítà 1 sókè. Bí kò bá sí àyè, ẹ to pákó tó nípọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ fi igi dábùú wọn gbagidi. Láti òkè lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Àkàbà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí orí rẹ̀ yọ síta ní mítà 1.

Láràárọ̀ àti lẹ́yìn òjò, ẹ wo etí kòtò. Bí ilẹ̀ bá ti là tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Bó bá sì ya lu ẹnìkan, ẹ pe 112. Kí ẹlòmíì má fò wọlé, torí ó sábà máa ń tún ya.