Bí Ilé Búrẹ́dì Mi Ṣe Ń Yan Ẹni Tó Máa Ràn Lọ́wọ́

Àǹtí, ẹ ní lẹ́tà ìrànlọ́wọ́ 6 ló wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ yín l'Óṣogbo lóṣù tó kọjá, ti ilé ọmọ òrukàn, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́ṣáláṣí, àti ti ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, ẹ ò sì mọ èyí tẹ́ ẹ máa dá lóhùn. Ọ̀rọ̀ yín yé mi. Ọdún 11 rèé tí mo ti ń ṣe búrẹ́dì n'Íbàdàn, èèyàn 9 ló ń bá mi ṣiṣẹ́, owó mi sì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò tọ́ sí.

Níbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni mo ń fún, ẹni tó bá sì sunkún jù ló ń gbà jù. Ní 2019, àwọn kan mú lẹ́tà wá pẹ̀lú fọ́tò àwọn ọmọ tí wọ́n ní àwọn ń tọ́. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi fún wọn lówó àti búrẹ́dì ní gbogbo Sátidé. Ní ọ̀sẹ̀ kan, ọkọ̀ wa bàjẹ́ ní Sátidé, dírẹ́bà mi wá gbé búrẹ́dì lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e. Ilé ṣófo. Obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló sọ fún un pé ọmọ àdúgbò ni wọ́n ń kó jọ tí wọ́n bá mọ̀ pé àlejò ń bọ̀, wọ́n á fún wọn ní bísíkíìtì, oníkálùkù á sì padà sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀.

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, kì í sì í ṣe nítorí búrẹ́dì. Láàárín oṣù mẹ́rin yẹn náà ni obìnrin tó ń po fúláwà fún mi wá yá owó ilé ìwé ọmọ ẹ̀, tí mo ní kò sí. Ọmọ yẹn jókòó sílé fún odindi táàmù kan. Láti ìgbà yẹn, ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ mi ló kọ́kọ́ ń jẹ nínú owó ìrànlọ́wọ́ wa. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ìyẹn kì í ṣe àánú, ẹ má dá a lóhùn.

Nígbà tí mo padà yẹ lẹ́tà àwọn èèyàn yẹn wò, mo rí i pé BN ló ṣáájú nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sórí ẹ̀. BN, orúkọ òwò ni, irú èyí tí mo fi forúkọ ilé búrẹ́dì mi sílẹ̀. RC, ti kọ́ńpìnnì ni. Ẹgbẹ́ àánú tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, IT ló sábà máa ń wà nínú nọ́ńbà tiẹ̀. Ẹ lè wá orúkọ wọn lórí ìkànnì CAC lófẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kì í bọ́ ọmọ. Ilé ọmọ òrukàn tún gbọ́dọ̀ ní àṣẹ ìjọba ìpínlẹ̀, ẹ bèèrè ìyẹn náà, kẹ́ ẹ wá lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ni kankan ò retí yín. Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n jẹ lánàá àti ẹni tó rà á.

Ẹ má bínú tí wọ́n bá dá yín dúró lẹ́nu géètì o. Ilé tí mo ń bá ṣe báyìí ò jẹ́ kí n rí àwọn ọmọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyá àgbà tó ń darí ibẹ̀ sì ní mi ò gbọdọ̀ ya ẹyọ ọmọ kan ní fọ́tò láé. Ó bí mi nínú gan-an nígbà yẹn, torí mo fẹ́ gbé e sórí Facebook kí àwọn oníbàárà rí i. Àfìgbà tí mo délé tí mo rò ó wò: ṣé màá fẹ́ kí wọ́n fi ojú ọmọ tèmi polówó búrẹ́dì? Ìwé ìnáwó wọn ni ìyá àgbà yẹn kọ́kọ́ gbé síwájú mi, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ra ìrẹsì àti iye tó rà á.

Ti aláìsàn tí wọ́n ń gbé kiri orí fóònù, mi ò fi owó sí àkàùntì ẹnikẹ́ni mọ́. Ọsibítù ni mò ń lọ, ibi tí wọ́n ti ń gbowó ni mo ti ń sanwó, mo sì ń gba rìsíìtì. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, àpò ara mi ni, kì í ṣe ti òwò.

Iye tó yẹ kẹ́ ẹ fún wọn ńkọ́? 2023 ló kọ́ mi nìyẹn. Ilé mẹ́ta ni mo ti ṣèlérí fún láìdá ìgbà. Ààrẹ kéde lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo wọ́n, fúláwà ń gbówó lórí léraléra. Ilé méjì nínú mẹ́ta ni mo lọ bẹ̀ pé mi ò lè ṣe é mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ti gbé ètò oúnjẹ ọ̀sẹ̀ wọn lé búrẹ́dì mi. Báyìí, lẹ́yìn tí mo bá ti san owó òṣìṣẹ́, náírà 3 nínú gbogbo 100 èrè ni mò ń yà sọ́tọ̀. Ilé kan àti ilé ìwé ìjọba kan tó wà lẹ́yìn ilé wa ni mò ń fún, táàmù kan lẹ́ẹ̀kan, búrẹ́dì ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, torí ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Ẹlòmíì tó bá mú lẹ́tà wá, mo máa ń sọ fún un lójú ara ẹ̀ pé a ti yan tiwa fún táàmù yìí. Mi ò kí ń sọ pé kó padà wá tí mo bá mọ̀ pé mi ò ní fún un.

Ẹ̀yin ń ránṣọ. Tó bá jẹ́ èmi, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó sún mọ́ yín jù ni màá kọ́kọ́ lọ, kí n bi ọ̀gá tíṣà pé ọmọ mélòó ni yunifọ́ọ̀mù wọn ti gbó. Ẹ rán márùn-ún ní táàmù yìí, kẹ́ ẹ wo bó ṣe rí lára òwò yín. Inú ọ́fíìsì ọ̀gá ni kẹ́ ẹ ti wọ̀n wọ́n o, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ẹgbẹ́ wọn má baà mọ ẹni tí wọ́n rán an fún.