Ẹ Bi Wá, A Ó Dá Yín Lóhùn: Irú Ìtọ́jú Èékánná Wo Ló Bá Ọwọ́ Yín Mu?

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn lẹ́tà tó wọlé sí wa lóṣù yìí ló dá lórí èékánná. Kò yà wá lẹ́nu, nítorí Iléyá ti ń kan ilẹ̀kùn, ẹni tó bá sì mọ Ìjẹ̀bú-Òde dáadáa mọ̀ pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ọjọ́ tí àwọn èèyàn máa ń wo ara wọn láti orí gèlè títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin la mú. A gé wọn kúrú díẹ̀, a sì fi orúkọ àwọn tó kọ wọ́n pamọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Gàrí ni mo ń ṣe ní abúlé kan lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ti dá aṣọ fún Ojúde Ọba tọdún yìí, àwọn ẹgbẹ́ mi sì ti fẹnu kò pé kí gbogbo wa ṣe èékánná gígùn aláwọ̀ kan náà. Tèmi kì í gùn rárá. Bó bá ti yọ díẹ̀ báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í bó ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Ọmọbìnrin tó ń ṣe èékánná ládùúgbò wa ní àkírílíìkì ni kí n ṣe, àbúrò mi ní jẹ́ẹ̀lì ló dára jù. Èwo ni kí n mú níbẹ̀? – Ìyá Onígàrí.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, Ìyá wa. Kí á tó dé orí àkírílíìkì tàbí jẹ́ẹ̀lì, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ọwọ́ yín ń ṣe, nítorí ẹni tó ń ta aṣọ ní ọjà Òkè-Ajé àti ẹni tó ń bẹ gbágùúdá láti ìdájí kò lè lo irú èékánná kan náà. Ọwọ́ tiyín ń wọ omi, ó ń jáde. Ó ń kúrò nídìí omi, ó ń lọ sídìí agbada. Èékánná máa ń mu omi, á sì wú. Bí ó bá gbẹ, á tún sún kì. Nígbà tí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra lójúmọ́ kan ṣoṣo, àwọn ìpele tín-ín-rín tó para pọ̀ di èékánná á bẹ̀rẹ̀ sí í já ara wọn sílẹ̀, ohun tí ẹ fi wé èèpo àlùbọ́sà gan-an nìyẹn. Kì í ṣe àìsàn, kò sì sí ohun tí ẹ lè kùn lé e lórí tí yóò wò ó níwọ̀n ìgbà tí omi náà kò bá dáwọ́ dúró.

Àkírílíìkì ni wọ́n máa ń fi ìyẹ̀fun àti omi kan tó ní òórùn líle pò pọ̀, tí wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ lé orí èékánná, á sì le fúnra rẹ̀ láìlo iná kankan. Líle rẹ̀ ni àwọn oníbàárà fẹ́ràn, líle yìí kan náà sì ni mo fi sọ pé kò bá yín mu. Ẹ wò ó báyìí: bí ẹ bá lẹ igi gígùn mọ́ orí páálí tín-ín-rín, tí ẹ wá fi ọwọ́ tẹ orí igi náà mọ́lẹ̀, igi kò ní ṣẹ́, páálí ni yóò ya. Bí ẹ bá fi àkírílíìkì gígùn gbá etí agbada tàbí tí ó há sínú okùn àpò gàrí, èékánná tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló máa ká kúrò lára ẹran. Ìrora náà kò ṣeé fẹnu sọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí etí rẹ̀ bá ṣí díẹ̀, omi á wọlé sáàárín, kò sì ní rí ibi jáde. Ibẹ̀ ni kòkòrò àìfojúrí ti ń rí ilé gbé, tí èékánná á fi yọ àwọ̀ ewé. Bí ẹ bá rí àwọ̀ yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò gbọdọ̀ fi àwọ̀ mìíràn bò ó. Kó tú u kúrò, kó sì lọ rí dókítà.

Nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ àkírílíìkì lọ́wọ́, mo fẹ́ kí gbogbo òǹkàwé mọ̀ pé omi tí wọ́n fi ń pò ó kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó dára jù ni wọ́n ń pè ní EMA. Èyí tó pọ́ọ́kú ni MMA, òun sì ni ìjọba Amẹ́ríkà ti gbé ìgbésẹ̀ lórí ògidì rẹ̀ láti àwọn ọdún 1970 nítorí pé ó ń ba èékánná jẹ́, ó sì ń mú kí awọ ara wú, kí ó sì máa yún. Ẹ lè dá a mọ̀: ó máa ń le bí òkúta lábẹ́ fáìlì, bí wọ́n bá sì rẹ ẹ́ sínú ásítóònù, kì í fẹ́ rọ̀ bọ̀rọ̀. Bí owó èékánná bá pọ́ọ́kú kọjá ti gbogbo àdúgbò, ẹ ní kí wọ́n gbé ike náà wá kí ẹ kà á.

Jẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Jẹ́ẹ̀lì jọ kútẹ́ẹ̀sì tí gbogbo wa mọ̀, àfi pé kò lè gbẹ bí a kò bá ki ọwọ́ bọ abẹ́ iná tí wọ́n ṣe fún un. Ó fúyẹ́, ó máa ń tẹ̀ díẹ̀ bí èékánná bá tẹ̀, ó sì lè dán gbinrin lọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Òótọ́ ni àbúrò yín sọ pé ó sàn ju àkírílíìkì lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń fara gbá nídìí jẹ́ẹ̀lì ni ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ bọ́ ọ. Ásítóònù ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó fi tìfẹ́tìfẹ́ dìde fúnra rẹ̀. Èmi tí mò ń kọ èyí ti fi eyín bó o rí, nínú ọkọ̀ tó ń lọ láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Èkó, nítorí pé etí kan ti ṣí, ọwọ́ mi kò sì gbéjẹ́ẹ́. Kí á tó dé Mówé, mo ti bó mẹ́rin. Mo wo ẹ̀yìn ọ̀kan nínú wọn, mo rí ohun funfun kan tó lẹ̀ mọ́ ọn: èékánná èmi fúnra mi ni. Fún bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, n kò lè fi àtàǹpàkò mi ṣí agolo mílíìkì.

Ohun tí mo máa mú fún yín ni èékánná àlẹ̀mọ́, èyí tí wọ́n ti ṣe tán, tí wọ́n ń tà nínú páálí. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù olómi lẹ̀ ẹ́. Bébà kékeré alálẹ̀mọ́ kan wà tí wọ́n ń tà fún un, òun ni kí ẹ lò, torí pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni ẹ nílò rẹ̀. Ẹ yan èyí tí ìbú rẹ̀ bá tiyín dọ́gba, ẹ jẹ́ kí ó mọ níwọ̀n, nítorí èékánná gígùn a máa fa òwú lára aṣọ òkè. Ẹ lẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ Ojúde Ọba, kí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ẹgbẹ́ mu, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Nígbà tí ẹ bá délé lálẹ́, ẹ ki ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí ẹ fi ọṣẹ àti òróró díẹ̀ sí, ẹ dúró títí yóò fi tú fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ẹ lè padà sídìí gbágùúdá yín, èékánná yín kò sì ní mọ̀ pé ẹ lọ sóde.

Ní ti èyí tó ń bó, ẹ gé gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ máa fi fáìlì fá a sí apá kan ṣoṣo, kí ẹ má fà á lọ fà á bọ̀ bí ẹni rẹ́ igi. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ òwú sínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà nígbà tí ẹ bá ń fọ gbágùúdá, kí ẹ sì fi àdín àgbọn tàbí òrí pa ìdí èékánná kí ẹ tó sùn. Bíi mìlímítà mẹ́ta ni èékánná ọwọ́ ń yọ lóṣù kan, nítorí náà yóò tó oṣù mẹ́fà kí tuntun tó gba ipò èyí tó ti bàjẹ́ tán. Àwọn kan yóò sọ fún yín pé kí ẹ máa fi èékánná sílẹ̀ kí ó lè mí. Èékánná kì í mí o. Láti inú ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ àti atẹ́gùn ti ń dé ibi tó ti ń hù, a kò sì lè fi kútẹ́ẹ̀sì dí ọ̀nà yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí ní Ṣàgámù, mà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣègbéyàwó ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, mo sì gbọ́dọ̀ wà ní wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ Ajé. Ṣé jẹ́ẹ̀lì kúkúrú kò lè kọjá lójú àwọn ọ̀gá wa? – Àbúrò Ìyàwó.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, má gbìyànjú rẹ̀. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2009 lórí ìmọ́tótó ọwọ́ sọ pé òṣìṣẹ́ ìlera tó ń fọwọ́ kan aláìsàn kò gbọdọ̀ lo èékánná àtọwọ́dá, àti pé èékánná tirẹ̀ gan-an kò gbọdọ̀ gùn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà, nítorí pé abẹ́ rẹ̀ ni kòkòrò ń sá pamọ́ sí lẹ́yìn tí èèyàn bá ti fọwọ́ tán. Ra kútẹ́ẹ̀sì lásán, kí o kùn ún ní alẹ́ Jímọ̀ sórí èékánná kúkúrú, ìpele méjì tín-ín-rín tó, kí o sì nù ún kúrò ní alẹ́ Àìkú. Ṣé o rí i, ẹ̀rọ kékeré tí ẹ fi ń há ọmọ ìka aláìsàn láti mọ bí atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe tó, kútẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ dúdú tàbí àlẹ̀mọ́ lè mú kó ṣe àṣìkà. Bá wa sọ fún àwọn ìyá tó ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ abẹ pé kí wọ́n nù ún kúrò nílé.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n fẹ́ so yìgì mi ní Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́yìn Iléyá. Mo fẹ́ kí ọwọ́ mi dára nínú fọ́tò, àmọ́ n kò fẹ́ kí ìrun mi bàjẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní jẹ́ẹ̀lì kan wà tí omi ń gbà kọjá. Ìyá mi àgbà ní làálì ni kí n lé. – Ìyàwó Ọ̀la.

ÌDÁHÙN: Ìyá àgbà ló sòótọ́. Ohun tí àwọn àáfà wa ń tẹnu mọ́ ni pé omi àlùwàlá gbọ́dọ̀ kan èékánná, jẹ́ẹ̀lì sì jẹ́ ohun tó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Orúkọ tí wọ́n bá kọ sára ìgò kò yí ìyẹn padà. Làálì ní tirẹ̀ kì í bo èékánná, ṣe ló ń wọ inú rẹ̀ lọ, ó sì ń pa á láró. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ yìgì bọ́ sí àsìkò nǹkan oṣù rẹ, tí kò sí ìrun lọ́rùn rẹ, o lè kun kútẹ́ẹ̀sì, kí o sì nù ún kúrò kí o tó wẹ ìwẹ̀ ìmọ́.

Fi ọjọ́ méjì ṣáájú lé làálì náà. Ewé rẹ̀ tí wọ́n ti lọ̀ kúnná ni kí o rà, kí o fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pò ó, kí ó dúró fún wákàtí mélòó kan, kí o wá dì í mọ́ ìka sùn. Bí o bá tú u láàárọ̀, àwọ̀ rẹ̀ yóò dà bí ti ọsàn tó pọ́n. Má mikàn, yóò dúdú sí i títí di ọjọ́ kejì, yóò wá rí bí àwọ̀ obì pupa tí a gé sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o sá fún bí ẹni sá fún ejò ni èyí tí wọ́n ń pè ní làálì dúdú, tó ń dúdú kirikiri láàárín wákàtí kan. Làálì gidi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Aró irun tí wọ́n ń pè ní PPD ni wọ́n ń pò mọ́ ọn, ó sì lè bó èèyàn lára, kí ojú rẹ̀ má lọ mọ́. Béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí o sì wo nọ́ńbà NAFDAC bó bá jẹ́ èyí tó wá nínú páálí. Mọ̀ pẹ̀lú pé làálì tó wà lára awọ á ṣí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àmọ́ ti orí èékánná kò ní lọ àfi bí èékánná bá gùn jáde tí o sì gé e. Wàá ṣì máa rí i lọ́wọ́ rẹ nígbà tí wọ́n bá ti ń pè ọ́ ní ìyàwó ilé fún oṣù márùn-ún.

ÌBÉÈRÈ: Mẹkáníìkì ni mí ní Ìpẹ́rù. Ìyàwó mi ní kí n lọ ṣe máníkíọ̀ nítorí ọ́ìlì tó wà lábẹ́ èékánná mi. Ṣé iṣẹ́ ọkùnrin nìyẹn? Àwọn Hausa tí ń fi àlùmọ́gàjí kiri ló ń gé tèmi. – Bàbá Mẹkáníìkì.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹni tó bá ní ọwọ́ ló ni máníkíọ̀. Ẹ sọ fún wọn níbẹ̀ pé ẹ kò fẹ́ àwọ̀: kí wọ́n rẹ ọwọ́ yín, kí wọ́n gé e, kí wọ́n fá a, kí wọ́n sì fi aṣọ dán an, ó parí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé awọ tó wà ní ìdí èékánná, nítorí òun ló ń dènà ìdọ̀tí àti kòkòrò. Kí wọ́n rọra tì í sẹ́yìn ni.

Ní ti àwọn tó ń lu àlùmọ́gàjí wọn kẹ́kẹ́kẹ́ kiri àdúgbò, èmi náà fẹ́ràn ìró yẹn láti kékeré, wọ́n sì mọ iṣẹ́ wọn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé láti ọwọ́ kan ni àlùmọ́gàjí náà ti ń bọ́ sí ọwọ́ mìíràn. Kòkòrò tó ń fa àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B lè wà láàyè lórí irin fún ọjọ́ méje, bí ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò bá tilẹ̀ hàn sójú. Ẹ ra tiyín, kí ẹ máa gbé e fún wọn, ẹ ṣe bákan náà ní ṣọ́ọ̀bù. Láàárọ̀, kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ àkọ́kọ́, ẹ fi èékánná yín họ ọṣẹ gbígbẹ títí abẹ́ gbogbo wọn yóò fi kún. Ọ́ìlì kò ní rí àyè wọ ibẹ̀, bí ẹ bá sì fi omi fọ̀ ọ́ lálẹ́, ọṣẹ náà ni yóò kọ́kọ́ jáde.