Apá àbí ìrókò: èwo ni kí aládìrẹ fi ṣe ilẹ̀kùn àti tábìlì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá káfíńtà. Àdìrẹ ni mò ń ṣe ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta níbí. Mo ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sí Adátán, ó ku ilẹ̀kùn àbáwọlé àti tábìlì gígùn kan ní ẹ̀yìnkùlé tá a ó máa tẹ́ aṣọ lé, abẹ́ páànù ló máa wà àmọ́ òjò máa ń fẹ́ débẹ̀. Káfíńtà mi ní apá ni kí n rà fún gbogbo ẹ̀, pé kò sígi tó le tó o. Ẹni tó ń ta pákó ní irọ́ ni, ìrókò ni baba gbogbo igi. Èmi ò mọ ọ̀kan nínú méjèèjì, ikán sì ti jẹ férémù ṣọ́ọ̀bù tí mò ń lò báyìí tán. Èwo ni kí n mú?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ màmá, ẹ sì kú ìnáwó ilé kíkọ́, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ ṣí i láyọ̀. Àwọn méjèèjì tó ń gbà yín nímọ̀ràn yẹn, kò sẹ́ni tó parọ́, igi gidi ni apá, igi gidi ni ìrókò, àmọ́ ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi ọ̀kan ṣoṣo ṣe gbogbo ẹ̀, iṣẹ́ tiẹ̀ ló ń rò, kò ro ti aládìrẹ mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ èmi ni, ojú tábìlì yẹn ìrókò ni, kò tiẹ̀ sí àríyànjiyàn níbẹ̀, ilẹ̀kùn náà ìrókò, férémù ilẹ̀kùn àti ẹsẹ̀ tábìlì ni màá fi apá ṣe.

Ẹ jẹ́ ká ti orí tábìlì bẹ̀rẹ̀ torí òun ló lè ba ọjà yín jẹ́. Apá yìí ní nǹkan yẹ́lò kan nínú. Tẹ́ ẹ bá mú pákó apá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, tẹ́ ẹ gbé e síbi tí oòrùn ti ń tàn sí i, ẹ ó rí àwọn ihò tín-ín-tìn-tín lójú ẹ̀, òmíràn dúdú, òmíràn kún fún nǹkan yẹ́lò tó gbẹ mọ́bẹ̀. Tí omi ò bá ti kàn án, kò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, èèyàn lè fi apá ṣe ìjókòó pálọ̀ kó lò ó títí kó gbó kó má mọ̀ pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí omi bá dé ló ń yọ́, ló sì ń ràn mọ́ aṣọ àti pépà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ máa tẹ́ gínní funfun tó ń ro omi sórí ẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, yẹ́lò tẹ́ ò fowó rà lọ́jà ló máa bá yín dé sára aṣọ oníbàárà. Tí káfíńtà yín bá ń jiyàn, ẹ gba ègé apá kékeré lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ rẹ aṣọ funfun sómi, ẹ fi wé igi náà, ẹ dì í sínú náílọ́ọ̀nù di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ wá jọ tú u. Igi tí wọ́n ń sá aṣọ lé náà ń kọ́ o, ẹ má fi apá ṣe é.

Èmi ò wá ní kẹ́ ẹ tẹ́ aṣọ lé ojú ìrókò tààrà o. Ẹ tẹ́ tápólì tó nípọn sórí ẹ̀, kẹ́ ẹ lè máa fi omi ṣàn án, torí kọ́sítíìkì tẹ́ ẹ ń lò sínú aró, kò sígi tó bá lára mu. Káfíńtà yín lè sọ pé apá ò bẹ̀rù kẹ́míkà, ó ní òtítọ́ díẹ̀ nínú, apá máa ń fara da ásíìdì débi tí wọ́n fi ń fi ṣe àgbá tí wọ́n ń da kẹ́míkà sí láwọn iléeṣẹ́, àmọ́ kọ́sítíìkì kì í ṣe ásíìdì, ńṣe ló máa ń jẹ ojú igi díẹ̀díẹ̀ títí á fi dúdú tí á sì máa họ. Ìṣó náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìṣó onírin lásán kan ojú tábìlì yẹn, igi méjèèjì yìí ni irin tí omi bá kàn máa ń sọ di dúdú, dúdú yẹn náà á sì wá aṣọ kàn. Síkúrù búráásì tàbí sítéńlẹ́ẹ̀sì ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi ṣe é, tàbí kí wọ́n so ó pọ̀ ní ahọ́n àti ihò kó má nílò ìṣó rárá, èyí tó mọṣẹ́ nínú wọn á ṣe é. Ẹsẹ̀ tábìlì lè jẹ́ apá torí aṣọ ò ní kàn án, ẹ kàn gbé ẹsẹ̀ ọ̀hún lé òkúta tàbí búlọ́ọ̀kù pẹrẹsẹ kó má máa mu omi ilẹ̀.

Ti ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ pé ó wúwo ni. Ilẹ̀kùn tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7, tó fẹ̀ ní 3, tó nípọn ní ínsì 2, tó bá jẹ́ ìrókò gbígbẹ pọ́nbélé, á wọ̀n bíi kílò 65. Ti apá á súnmọ́ 80. Kílò 15 yẹn lórí hínjì lójoojúmọ́, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín á tún máa já ilẹ̀kùn gbà, kó tó pẹ́ á ti sọ̀ kalẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ha táìsì ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ilẹ̀kùn apá, ó lè ṣe é, kó ṣáà fi hínjì mẹ́rin tó ki gbé e, kì í ṣe méjì pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń kàn yẹn. Férémù ní tiẹ̀ kì í rìn, ara ògiri ló wà, bárò á gbá a, omi á ta sí ìdí ẹ̀, ibẹ̀ ni líle apá ti wúlò. Kí wọ́n ṣá fi dirílì lu ihò kí wọ́n tó kan ìṣó sí i, apá tí èèyàn bá fi agbára kan ìṣó mọ́, bí igi ò bá là, ìṣó á ká.

Ọ̀rọ̀ ikán wá kù, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ àwọn oníbàárà jẹ jù. Inú igi nìkan ni ikán ò lè jẹ nínú méjèèjì, ibi tó pọ́n tàbí tó dúdú sí búráwùn. Ẹ̀gbẹ́ tó funfun, tó súnmọ́ èèpo, ikán ń jẹ ẹ́, àwọn kòkòrò kékeré tó ń lu ihò tí lẹ́búlẹ́bú ń dà jáde nínú ẹ̀ náà ń jẹ ẹ́, ì báà jẹ́ ti ìrókò, ì báà jẹ́ ti apá. Ti ìrókò lè fẹ̀ tó ínsì méjì sí mẹ́ta, ibi ńlá sì nìyẹn nínú pákó kan. Káfíńtà ò ní fẹ́ dà á nù, owó ni, ńṣe ló máa yí ẹ̀gbẹ́ funfun yẹn sápá ògiri níbi tí sìmẹ́ǹtì á ti bò ó, ibẹ̀ gan-an ni ikán máa ń gbà wọlé. Mi ò mọ férémù yín tí ikán jẹ tán yẹn, àmọ́ bóyá igi tí wọ́n pè é náà ni, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni wọ́n lò. Nítorí náà kí wọ́n tó gbé férémù sí ògiri, ẹ yẹ ẹ̀yìn ẹ̀ wò, kì í ṣe iwájú.

Gbígbẹ igi tún ju orúkọ igi lọ lójú tèmi. Pákó tútù ni wọ́n ń tà ní sọ́míìlì lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á ní ó ti gbẹ torí òkè ẹ̀ gbẹ. Àwọn igi méjèèjì yìí kì í súnkì púpọ̀ bíi ti àwọn mìíràn, síbẹ̀ pákó ìrókò ínsì 12 tó tutù lè fi bíi kọ́tà ínsì dín kù tó bá gbẹ. Ẹ ro ilẹ̀kùn tí wọ́n fi pákó mẹ́ta so pọ̀ nígbà òjò, tí ọyẹ́ wá dé, àwọn tó wà lóde á máa rí yín láti àárín ẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ rèé: ẹ mú pákó kan, ẹ gbé e sórí sìkéèlì, ẹ kọ iye tó wọ̀n sára ẹ̀, ẹ to òun àti àwọn yòókù sábẹ́ páànù níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín wọn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tó bá ṣì ń fúyẹ́, omi ṣì wà nínú ẹ̀, ẹ má tíì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Pákó tó nípọn ní ínsì méjì máa lo oṣù mélòó kan o, ìyẹn ni mo fi ń sọ pé ẹ rà á báyìí kí àwọn bíríkìlà tó parí tiwọn. Tí apá bá sì tutù, ẹ ní sùúrù fún un, kì í yára gbẹ.

Ìrókò náà ní àìdáa tiẹ̀. Nígbà mìíràn òkúta máa ń wà nínú ẹ̀, funfun bí ẹfun, ó le, ó fi ara pamọ́ sínú igi tí ẹ ò ní rí i lókè, àyàfi tí ojú igi níbẹ̀ bá dúdú ju ìyókù lọ. Ẹ̀rọ ìfági bá kàn án, bíléèdì á ṣán. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fi owó kún owó iṣẹ́ torí òkúta, ẹ ní kí wọ́n fi òkúta ọ̀hún hàn yín. Lẹ́búlẹ́bú ẹ̀ náà tún wà ńbẹ̀, ó máa ń yún ara, ó máa ń mú èèyàn sín, ẹni tó bá ní àsímà, kó jìnnà síbi tí wọ́n ti ń fi sánpépà ha á, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n wá ha á láàárín ṣọ́ọ̀bù tí aṣọ ti wà.

Ọ̀pọ̀ á tún sọ fún yín pé ìrókò ò dáa nílé torí olúwéré, ẹ̀mí tí wọ́n ní ó ń gbé inú ìrókò. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìgbàgbọ́ ẹ̀, àmọ́ mi ò tíì rí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ tó kọ ilẹ̀kùn ìrókò tí wọ́n bá fi ta á lọ́rẹ.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi ayùn gé orí pákó kan lójú yín. Ìrókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé máa ń yẹ́lò, oòrùn ló máa sọ ọ́ di búráwùn lẹ́yìn náà, nítorí náà pákó tó búráwùn lókè tí inú ẹ̀ wá funfun fáú, wọ́n ti kùn ún. Apá máa ń pọ́n díẹ̀, ẹ gbé méjèèjì tó gbẹ wò lọ́wọ́, ẹ ó mọ èyí tó wúwo. Apá sì ti ń wọ́n nínú igbó, látìgbà ìpàdé àgbáyé lórí òwò igi àti ẹranko tó ń ṣọ̀wọ́n, tí wọ́n ṣe ní Panama lọ́dún 2022, ni pákó ẹ̀ ti nílò ìwé àṣẹ kó tó kúrò lórílẹ̀-èdè, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ bá òun fi pákó apá ránṣẹ́ sókè òkun, ẹ ní kó lọ gbàwé.

Fáníìṣì ló kù. Lórí ìrókò, ó lè kọ̀ láti gbẹ torí nǹkan tó wà nínú igi, kí wọ́n fi tínà nu ojú ẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó kùn ún, kí wọ́n sì kùn ún tinrin. Ilẹ̀kùn tó kọjú sí oòrùn ìrọ̀lẹ́, fáníìṣì máa bó lára ẹ̀ láìpẹ́, epo igi tí èèyàn ń fi nù ún lọ́dọọdún sàn jù.