Wọ́n ti gba iṣẹ́ mi wọlé fún ìpàdé sólà ní Jámánì: kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ máàsításì ni mí ní yunifásítì kan ní Àkúrẹ́. Iṣẹ́ ìwádìí mi dá lórí bí eruku ọyẹ́ ṣe ń dín agbára páńẹ́ẹ̀lì sólà kù. Mo fi àkékúrú rẹ̀ (abstract) ránṣẹ́ sí ìpàdé àgbáyé kan lórí iná oòrùn tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Munich, wọ́n sì ti kọ̀wé pé àwọn gbà á, pé kí n wá fi pọ́sítà ṣàlàyé rẹ̀. Wọ́n ní kí n san owó ìforúkọsílẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, torí yóò wọ́n sí i lẹ́yìn náà. Mi ò ní físà, mi ò sì tíì jáde kúrò ní Nàìjíríà rí. Àbúrò màmá mi tó ń gbé ní Hamburg ní òun á gbà mí sílé. Bàbá mi fẹ́ ta ilẹ̀ kan nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Mo tún fẹ́ gbé ẹ̀rọ kékeré tí mo fi ń wọn eruku náà dání, bátìrì sì wà nínú rẹ̀. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú oríire o. Jọ̀wọ́, bá mi sọ fún bàbá pé kí wọ́n má tíì ta ilẹ̀ kankan. Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì débẹ̀. Àwọn ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú, ìmeèlì lásán ni o sì máa fi béèrè wọn.

Àkọ́kọ́ ni pé, ta ló pè ọ́? Mi ò sọ pé jìbìtì ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi ìpàdé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣòwò pọ̀ níta, akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Áfíríkà sì wà lára àwọn tí wọ́n ń fojú sùn jù. Wọ́n á gba iṣẹ́ rẹ wọlé láàárín ọjọ́ méjì, kò sì sẹ́ni tó kà á. Nínú gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì kan náà, lọ́jọ́ kan náà, wọ́n á sọ̀rọ̀ sólà, wọ́n á sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ, wọ́n á tún sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà fún físà ni ọjà tí wọ́n ń tà gan-an. Ìpàdé gidi máa ń ní ìtàn tí èèyàn lè tọpa rẹ̀. Wo EU PVSEC, tó jẹ́ ọ̀kan lára ìpàdé sólà tó lórúkọ jù ní Yúróòpù: ọdún 1977 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, ní Luxembourg, ní 2024 Vienna ló ti wáyé, ní 2025 Bilbao ni. Àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò níbẹ̀ kò fi ara pamọ́, ìwé tí wọ́n ti kà níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Irú ẹ̀ ni kí o wá lára tìrẹ. Mú orúkọ ẹni méjì nínú ìgbìmọ̀ tó gba iṣẹ́ rẹ, lọ sí ojú òpó yunifásítì tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, gba ìmeèlì wọn níbẹ̀, má gbà á lójú òpó ìpàdé náà, kí o sì bi wọ́n bóyá lóòótọ́ ni wọ́n wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn. Ìlà méjì tó. Wàá rí ọ̀jọ̀gbọ́n tó máa dáhùn pé ńṣe ni wọ́n kàn lẹ orúkọ òun mọ́ ọn.

Ká wá ní ojúlówó ni. Síbẹ̀, má tíì sanwó. Kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣètò ẹ̀, kí o béèrè bóyá iye tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san yàtọ̀ (ó sábà máa ń yàtọ̀, lẹ́tà láti ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n á fi mọ̀ ọ́), kí o sì béèrè bóyá wọ́n ní owó ìrànwọ́ fún àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù: bí ẹ́ḿbásì bá kọ̀ mí, èló nínú owó mi ni ẹ máa dá padà, ọjọ́ wo ni mo sì gbọ́dọ̀ sọ fún yín dà? Àwọn kan á dá a padà, wọ́n á kàn yọ owó iṣẹ́ díẹ̀. Àwọn mìíràn kì í dá kọ́bọ̀ padà. Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. O tún lè bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí o san iye ti ìsinsìnyí nígbà tí físà bá jáde. Ìyẹn kì í ṣe ìtìjú rárá. Tí wọ́n bá ní lẹ́tà ìpè kò lè jáde àfi tí o bá kọ́kọ́ sanwó, má torí ẹ̀ rò pé olè ni wọ́n, nítorí ọ̀pọ̀ ìpàdé gidi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n bá kọ nípa dídá owó padà ni kí o fi pinnu.

Nípa owó ilé-ẹ̀kọ́, má gbójú lé TETFund, àjọ ìjọba tó ń fi owó ran àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ yunifásítì ni owó ìpàdé tiwọn wà fún, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n tí súpáfáísọ̀ rẹ bá wà lára àwọn tó kọ iṣẹ́ náà, òun lè béèrè tirẹ̀. Bí wọ́n bá fún un tí ẹ́ḿbásì sì kọ ìwọ, iṣẹ́ yín á ṣì rí ẹni gbé e síta.

Físà ló máa gba àkókò jù. Ti ọlọ́jọ́ kúkúrú ti Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, ni wàá gbà, èyí tí kì í ju 90 ọjọ́ lọ láàárín 180. Láti oṣù kẹfà 2024, 90 yúrò ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀ ọ́. Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀: òfin físà wọn fúnra rẹ̀ sọ pé kí wọ́n má gba owó yẹn lọ́wọ́ olùṣèwádìí tó ń lọ sí ìpàdé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ó tún yọ ẹni tí kò ju ọdún 25 lọ sílẹ̀, tó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè ló ń ṣojú fún, tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣètò ìpàdé ọ̀hún. Má retí kí ẹnikẹ́ni sọ èyí fún ọ lójú fèrèsé. Ìwọ ni kí o béèrè, kí lẹ́tà súpáfáísọ̀ rẹ sì pè ọ́ ní olùṣèwádìí kedere. Wọ́n lè gbà, wọ́n lè má gbà. Ìbéèrè kò ná ọ ní nǹkan kan.

O lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ ju ọjọ́ 15 ṣáájú lọ. Ọjọ́ 15 náà ni wọ́n fi ń dáhùn, ṣùgbọ́n wọ́n láṣẹ láti fà á dé 45. Èyí tó ń dá ọ̀pọ̀ dúró ni ọjọ́ tí wọ́n máa fún ọ láti wá jókòó níwájú wọn, torí náà gba ọjọ́ kí ìwé rẹ tó pé. Pásípọ́ọ̀tù rẹ gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí o máa kúrò lọ́dọ̀ wọn, pẹ̀lú ojú ìwé méjì tó mọ́. Tí o kò bá tíì ní, olójú ìwé 32, ti ọdún márùn-ún, ti di ₦100,000 láti oṣù kẹsàn-án 2025. Ìnṣọ́ránsì ìlera rẹ gbọ́dọ̀ tó 30,000 yúrò. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ńkọ́? Ìwé pé o ti yan ọkọ̀ tó fún wọn. Má ra tíkẹ́ẹ̀tì kí físà tó jáde, ẹni yòówù kó sọ fún ọ pé òun mọ ọ̀nà.

Ẹni tó máa ka ìwé rẹ kò ní jókòó tì í fún ọjọ́ kan. Ohun méjì ló ń wá: ta ló ń sanwó, kí ló sì máa dá ọmọ yìí padà sílé? Ibi tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá ti wọlé nìyí. Owó ńlá tó bá ṣàdédé já sínú àkáǹtì ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìfìwésílẹ̀, ojú owó tí wọ́n yá láti fi ṣe ojú ayé ni wọ́n fi ń wò ó. Ilẹ̀ tí ẹ bá sì tà, ẹ̀rí pé ẹ ní nǹkan nílé ló lọ yẹn. Àkọsílẹ̀ owó oṣù bàbá, bó ti wù kó kéré tó, tó ń wọlé déédéé, pẹ̀lú lẹ́tà wọn àti ìwé ìbí rẹ, sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti àbúrò màmá rẹ dára gan-an, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é lọ́nà òfin. Kí wọ́n lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn àjèjì ní Hamburg, kí wọ́n fi ìwé owó oṣù wọn hàn, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Verpflichtungserklärung, pé àwọn ló máa gbé ìnáwó rẹ. 29 yúrò ni wọ́n ń gbà fún un. Ìwé yẹn lágbára ju lẹ́tà "mo máa tọ́jú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi" lọ. Ṣùgbọ́n ranti o, àríwá ni Hamburg wà, gúúsù ni Munich wà, nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ni ọkọ̀ ojú irin tó yára ń gbà láàárín wọn. Tí o bá kọ Hamburg sílẹ̀ bí ibi tí wàá sùn nígbà ìpàdé, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì kọ̀ ọ́. Wá ilé àwọn ọ̀dọ́ arìnrìn-àjò tí kò wọ́n ní Munich fún ọjọ́ ìpàdé, kí o fi ọjọ́ díẹ̀ lọ kí wọn ní Hamburg lẹ́yìn náà, kí o sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ (HOD) kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó kàn sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ wa ni, ìwà rẹ̀ dára. Kó sọ ohun tí o ń ṣe, oṣù tí o máa gbèjà ìwé ìwádìí rẹ, àti ọjọ́ tí wọ́n ń retí rẹ padà. Èyí ṣe kókó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí láti oṣù keje 2025 ni Jámánì ti fòpin sí àǹfààní kíkọ̀wé ọ̀fẹ́ sí ẹ́ḿbásì pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ wò. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ báyìí, àfi kí o tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó tuntun, tàbí kí o gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ ní Berlin.

Ó ku ẹ̀rọ rẹ. Wo ara bátìrì náà, kí o fi fóòtì rẹ̀ sọ iye ampere-hour (Ah) rẹ̀ di púpọ̀, ìyẹn ló máa fún ọ ní watt-hour (Wh), iye agbára tó lè gbà. Páwà báǹkì 20,000 mAh, ìyẹn 20 Ah, tí fóòtì rẹ̀ jẹ́ 3.7, jẹ́ 3.7 lọ́nà 20, ìyẹn 74 Wh. Bátìrì lítíọ́mù tí kò ju 100 Wh lọ lè bá ọ wọkọ̀. Tó bá wà láàárín 100 sí 160, àfi kí o gbàṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà. Èyí tí a ń lò fún sólà ilé, 12.8 fóòtì, 20 Ah, ti di 256 Wh. Fi í sílẹ̀ ní Àkúrẹ́. Páwà báǹkì àti bátìrì tí kò sí nínú ẹ̀rọ, inú báàgì ọwọ́ ni wọ́n ń wà, kì í ṣe inú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀. Ká sòótọ́, ẹ̀rọ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kó sínú ike bọ́tà, tí wáyà pupa àti dúdú ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe ohun tí aláàbò pápákọ̀ òfuurufú fẹ́ rí. Tèmi ni pé kí o mú bọ́ọ̀dù sẹ́ńsọ̀ náà nìkan dání láìsí bátìrì, kí o fi páwà báǹkì tàn án tí o bá débẹ̀, kí o sì tẹ àlàyé àti fọ́tò rẹ̀ sórí ìwé kan mọ́ ọn.

Tẹ pọ́sítà rẹ sórí aṣọ. A0 ni wọ́n sábà máa ń béèrè, 84.1 sí 118.9 sẹ̀ǹtímítà, aṣọ sì ṣeé ká sínú báàgì. Ọ̀pọ̀ ẹni tó máa dúró níwájú rẹ̀ kò mọ ọyẹ́, torí náà fi máàpù kékeré sí i tó ń fi Bodélé ní Chad hàn, níbi tí púpọ̀ nínú eruku yẹn ti ń gbéra. Fi fọ́tò páńẹ́ẹ̀lì kan náà sí i, kí o tó fọ̀ ọ́ àti lẹ́yìn tí o fọ̀ ọ́, pẹ̀lú iye iná tó mú wá nígbà méjèèjì. Wọ́n máa bi ọ́ pé ìgbà mélòó ló yẹ kí èèyàn fọ̀ ọ́, omi tó pọ̀ tó wo ló ń gbà, ta ló sì ń gun òrùlé. Ìdáhùn sí èyí ni àwọn oníṣòwò ń wá, ohun tí ìwọ sì mọ̀ nípa ẹ̀ nínú ọyẹ́ Àkúrẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ọ́n.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, wá ẹni mẹ́ta nínú àwọn tó máa sọ̀rọ̀ nípa eruku àti páńẹ́ẹ̀lì. Ó lè jẹ́ ará Fraunhofer ISE, ilé-iṣẹ́ kan ní Freiburg ní Jámánì tó ti ń ṣe ìwádìí sólà láti 1981, ó sì lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tìrẹ. Ka ìwé kan tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn kọ, kí o bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa rẹ̀, kí o sọ ibi tí pọ́sítà rẹ máa wà. Má tọrọ sikọ́láṣípù nínú ìmeèlì àkọ́kọ́.

Bí físà bá wá kọ̀, má sọ iṣẹ́ náà nù. Àwọn IEEE, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iná, ń ṣe ìpàdé kan lórí iná mànàmáná ní Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní PowerAfrica, ó ti wáyé ní Abuja ní 2019, ní Kigali ní 2022, àti ní Marrakech ní 2023. Àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS bíi Ghana, Benin àti Senegal kò béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà, pọ́sítà alásọ rẹ á sì wúlò níbẹ̀ náà. Kọ ìmeèlì sí àwọn ará Munich lónìí ná. Tí ohun tí wọ́n bá fi dá ọ lóhùn nípa dídá owó padà kò bá yé ọ, fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó sanwó, ká jọ kà á.