Má fi orúkọ ra jẹ́sì nínú oṣù Kejìlá

Àbúrò, mo ka ọ̀rọ̀ tí o kọ nínú oṣù Kejìlá 2025 yìí. O ní Edwin Díaz, ajubọ́ọ̀lù tó máa ń bá Mets, ẹgbẹ́ baseball wa ní New York, parí eré, ti kó lọ sí Dodgers ti Los Angeles, o ní Mets ò tíì ra ajubọ́ọ̀lù tó ń bẹ̀rẹ̀ eré kankan tó lórúkọ, o wá ń bi wá bóyá ká ti gbàgbé ọdún 2026 ná. Mo mọ bó ṣe ń dùn ọ́. Alẹ́ ọjọ́ tí Jacob deGrom, ajubọ́ọ̀lù wa tẹ́lẹ̀, lọ, èmi gan-an ò lè jẹun.

Awakọ̀ ni mí ní Queens níbí. Ẹ̀gbọ́n tó gbà mí sílé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé kì í wo bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Mets ló ń wò, Mets ni mo bá a wò, ibẹ̀ ni mo kó sí. Jẹ́sì deGrom, nọ́ḿbà 48, ni mo kọ́kọ́ fi owó ara mi rà. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá 2022, Texas Rangers gbé ọdún márùn-ún àti mílíọ̀nù 185 dọ́là síwájú rẹ̀, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí Mets fi mú ajubọ́ọ̀lù mìíràn, Justin Verlander. Max Scherzer, ajubọ́ọ̀lù bíi tiẹ̀, ti wà nílẹ̀. Àwọn méjèèjì, owó wọn lọ́dún kan lé ní mílíọ̀nù 86 dọ́là. Kodai Senga tún dé láti Japan. Díaz ti gba mílíọ̀nù 102 fún ọdún márùn-ún ṣáájú. Àbúrò, orí mi wú! Mo ra jẹ́sì Verlander lọ́sẹ̀ yẹn, mo tún fi owó àjọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ra tíkẹ́ẹ̀tì eré ogún kalẹ̀. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan. Ó kàn wò mí.

Oṣù Kẹta 2023, ibi táwa awakọ̀ ti ń dúró de èrò ní JFK ni mo wà, mo gbé fóònù ti sítíárìn. Puerto Rico, orílẹ̀ Díaz, ṣẹ̀ṣẹ̀ na Dominican Republic nínú ìdíje baseball àgbáyé ní Miami, Díaz ló sì bá wọn parí ẹ̀. Wọ́n dì mọ́ra wọn, wọ́n ń fò sókè bí ọmọ iléèwé tó gba ọlidé. Ṣàdédé ló balẹ̀. Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Ìgbà tí mo rí àbúrò rẹ̀, Alexis, tó ń sunkún, ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Kẹ̀kẹ́ arọ ni wọ́n fi gbé e jáde. Iṣan orúnkún ló já, kò sì ju bọ́ọ̀lù kan fún wa ní gbogbo ọdún yẹn. Ọjọ́ tí eré bẹ̀rẹ̀ gan-an ni wọ́n tún ní iṣan kan ń dun Verlander lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká. Kí oṣù Kẹjọ tó rìn jìnnà, wọ́n ti ta Scherzer fún Texas, wọ́n dá Verlander padà sí Houston. A na èèyàn nígbà 75, wọ́n nà wá nígbà 87. Tíkẹ́ẹ̀tì tó kù lọ́wọ́ mi, ìdajì owó ni mo tà á. Jẹ́sì Verlander ni ìyàwó mi fi ń din dòdò báyìí.

(DeGrom tó sá lọ náà, eré mẹ́fà péré ló jù ní Texas lọ́dún yẹn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ìgúnpá. Texas sì gba World Series, ife ẹ̀yẹ tó ga jù nínú baseball.)

Àtìgbà yẹn ni mo ti ra ìwé kékeré kan, irú èyí táwọn olórí àjọ máa ń lò. Eré 162 lọ́dún, inning (ìyẹn ìpín eré) mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án: ó sún mọ́ 1,460 inning tí ọwọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ jù. Nítorí náà mo máa ń kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, iye inning tó dá lọ́dún tó kọjá, iye tó dá lọ́dún tó ṣáájú ẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, ibi tí wọ́n ti fi abẹ kàn án rí. Ẹni tó máa ń dáwó lónìí, tí a ò ní rí i lọ́la, kódà kó máa gbé ọkọ̀ bọ̀gìnnì wá sípàdé, mi ò ní gbójú lé owó rẹ̀. Ká ní mo ti ní ìwé yìí ní 2022, ọjọ́ orí nìkan ì bá ti bá mi sọ̀rọ̀. Ẹni ọdún 38 ni Scherzer, Verlander fẹ́ẹ́ pé 40.

Nígbà òtútù ìparí 2023, Steve Cohen tó ni Mets fúnra rẹ̀ lọ bá ajubọ́ọ̀lù Yoshinobu Yamamoto ní Japan. Yamamoto gba Dodgers, ọdún 12, mílíọ̀nù 325. Ni David Stearns, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò olórí tó ń kó eléré jọ fún Mets, bá lọ mú Luis Severino ní mílíọ̀nù 13 àti Sean Manaea ní 28 fún ọdún méjì. Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Àbọ̀ ọjà, mo ní. Owó àwọn méjèèjì pọ̀ ò tó ti Verlander ọdún kan! Àmọ́ ní 2024, oníkálukú wọn ju inning tó lé ní 180. Manaea rọ apá rẹ̀ sísàlẹ̀ láàárín ọdún, bí ẹni ń fi òkúta pẹlẹbẹ sọ ojú omi, àwọn Phillies ti Philadelphia ò sì mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí i nínú eré kẹta tí a bá wọn ta ní Citi Field, pápá wa, nínú ìdíje ìparí ọdún. Ìpele tó kángun sí World Series la dé kí Dodgers tó lé wa sílé.

Má wá rò pé mo ní ká máa ra èyí tó pọ́kú. Wọ́n tún gbìyànjú ẹ̀ fún 2025. Frankie Montas, ajubọ́ọ̀lù tí wọ́n rà, fara pa kí eré tó bẹ̀rẹ̀, Manaea náà fara pa níhà, ó di oṣù Keje kó tó yọjú. Ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹfà, Senga sáré lọ bo ilé àkọ́kọ́ (first base), ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Pete Alonso ju bọ́ọ̀lù sí i sókè jù, Senga nà gàgà láti mú un, bó ṣe balẹ̀ ló di itan mú. Ọjọ́ yẹn, àwa la ṣáájú gbogbo líìgì: a borí nígbà 45, a pàdánù nígbà 24. A parí ẹ̀ ní 83 sí 79, a ò wọlé sínú ìdíje ìparí ọdún. Nínú ìwé mi, David Peterson àti Clay Holmes nìkan ló dá ju 150 inning lọ.

Torí náà, ti Díaz tó ń dùn ọ́ yẹn: ọwọ́ rẹ̀ dára, fèrè tí wọ́n máa ń fun bó bá ń jáde bọ̀ á máa sọ mí. Ṣùgbọ́n inning tó jù ní 2025 kò tó 70. Ibẹ̀ kọ́ ni ihò wà. Ẹni kan tó ti ju 170 inning ní ọdún méjì léra la nílò, ohun tí mò ń wò lójú Stearns nìyẹn. Nolan McLean, ọmọ ajubọ́ọ̀lù tó dé lóṣù Kẹjọ 2025, eré mẹ́jọ ló bẹ̀rẹ̀, ó jáwé olúborí ní márùn-ún, ó pàdánù ẹyọ kan. Ọmọ náà dùn ún wò. Ìyàwó mi ti bi mí bóyá mo ti ra jẹ́sì tiẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí oṣù Keje dé ná.